Oògùn Pòtásíọ̀mù: Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìsí Ewu

Ẹ̀yin àgbà akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìwé tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà yìí, ẹ má ṣe fi mọ sí inú kíláàsì. Ẹ kà á lára mọ́tò, ẹ kà á lára ògiri. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kà á lára páálí oògùn tí ń bẹ nínú ilé yín. Ọ̀rọ̀ oògùn kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Pòtásíọ̀mù ni orúkọ rẹ̀.

Ní kíláàsì wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí olúkúlùkù mú ohun kan tí a tẹ ìwé sí lára wá láti ilé. Ẹnì kan mú páálí ọṣẹ wá. Ẹlòmíràn mú ìwé owó iná mànàmáná wá. Màmá kan tí wọ́n ń ta ẹ̀wà àti gààrí lọ́jà mú páálí oògùn wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìka wọn lórí rẹ̀: p, o, t, a, s. Nígbà tí wọ́n kà á dé òpin, wọ́n ní, "Tísà, kí lèyí ń wí?"

Mo wò ó. Mo ní, "Màmá, dókítà wo ló ní kí ẹ máa lò ó?"

Wọ́n ní, "Dókítà kọ́. Àbúrò mi ló fún mi. Òun náà lẹ́jẹ̀ ríru bíi tèmi. Ó ní látìgbà tóun ti ń lò ó lara òun ti le. Ó ti ń rẹ èmi náà, mo bá ní kó bù fún mi níbẹ̀. Nígbà tó tán, mo rà á fúnra mi ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Wọn ò bi mí ní ǹkankan."

Mo ní, "Oògùn wo lẹ tún ń lò pẹ̀lú rẹ̀?"

Wọ́n ní àwọn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ. Wọ́n tú etí aṣọ, wọ́n mú ìwé rẹ̀ jáde. Mo ka orúkọ rẹ̀: lisinopril. Àyà mi já.

N óò padà sórí ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí pòtásíọ̀mù jẹ́.

Ọ̀kan ni nínú àwọn ohun bí iyọ̀ tí ara wa kò lè ṣe aláìní. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Sódíọ̀mù ló wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Inú eérú ni a ti rí pòtásíọ̀mù. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó máa ń da omi sórí eérú igi, wọn a sẹ́ omi náà, wọn a sì sè é nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ. "Eérú inú ìkòkò" ni wọ́n ń pe ohun tó bá kù, ibẹ̀ sì ni orúkọ pòtásíọ̀mù ti wá. Ní 1807, Humphry Davy, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi agbára iná mànàmáná ya pòtásíọ̀mù kúrò lára eérú náà. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa? Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú, èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sun. Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú eérú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí èyí mu omi eérú. Ó ń bó ọ̀fun àti inú.

Ẹlòmíràn á ní, "Káún ńkọ́?" Lóòótọ́, orúkọ eérú yẹn náà ni àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jà wa ń pe káún. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún. Kò lè rọ́pò oògùn yìí, kò sì dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru.

Iṣẹ́ wo wá ni pòtásíọ̀mù ń ṣe? Òun ló ń ran iṣan ara lọ́wọ́ láti fún àti láti dẹ̀. Iṣan ni ọkàn náà, kì í sì í sinmi tọ̀sán-tòru. Bí a bá pín gbogbo pòtásíọ̀mù tó wà nínú ara sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 98 ló wà nínú ẹran ara. Nǹkan bí 2 péré ló ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kiri. Díẹ̀ yìí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ó bá dín jù, ọkàn a máa lù ségesège. Bí ó bá pọ̀ jù, ọkàn a tún máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́ lójijì.

Ìdí nìyí tí a fi ń wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀. Lórí ìwé àyẹ̀wò, lẹ́tà K ni wọ́n fi ń dúró fún un. Ẹ ti mọ K tipẹ́: K bíi ti kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá rí K, ẹ wo iye tí a kọ síwájú rẹ̀. Láti 3.5 dé 5.0 ni ó dára fún àgbàlagbà. Láàbù mìíràn lè kọ ọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ààmì kékeré tó wà láàrin iye kì í ṣe ìdọ̀tí orí ìwé. Ẹ má ṣe fò ó. Láàrin 5.0 àti 6.5 kò jọ ohun tó pọ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọkàn, ìyàtọ̀ ńlá ni.

Kíndìnrín ló ń ṣọ́ ìwọ̀n náà. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ wa, kíndìnrín a dà á sínú ìtọ̀. Pòtásíọ̀mù sì wà nínú oúnjẹ wa púpọ̀: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, tòmátò, ọsàn, omi àgbọn. Ní 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán 3,510 mílígíráàmù lójúmọ́ láti inú oúnjẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó sì ń jẹun bó ṣe yẹ, kò ní kí ó wá hóró pòtásíọ̀mù kiri.

Ta ló wá nílò rẹ̀? Ẹni tí àyẹ̀wò fi hàn pé tirẹ̀ dín ni. Èyí wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo oògùn ìtọ̀, irú bíi hydrochlorothiazide tàbí furosemide. Oògùn wọ̀nyí ń mú kí ènìyàn tọ̀ dáadáa, pòtásíọ̀mù a sì máa bá ìtọ̀ náà lọ. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru náà lè fà á. Ẹ rántí pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò nílé kò ní pòtásíọ̀mù nínú. Àpò ORS ló ní in: èyí tí a ń pò mọ́ lítà omi kan, 1.5 gíráàmù pòtásíọ̀mù kúlóráìdì ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ló ṣe dára kí àpò ORS wà nílé tí ọmọdé bá wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bi mí ní ìbéèrè kan tó dùn mọ́ mi. Wọ́n rí i lára páálí pé 600 mg ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé pòtásíọ̀mù nìkan kọ́ ni 600 yẹn, kúlóráìdì wà pẹ̀lú rẹ̀. Pòtásíọ̀mù inú hóró kan kò ju nǹkan bí 310 mílígíráàmù lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lè ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ní, "Tísà, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ju hóró oògùn lọ, ewu wo ló wá wà nínú hóró? Ta ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ pa rí?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ pé ọ̀nà méjì. Èkínní, pòtásíọ̀mù inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́n káàkiri inú oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ ara. Ti inú hóró wà lójú kan ṣoṣo. Bí hóró náà bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ibì kan nínú ikùn, yóò bó ibẹ̀, ó lè di ọgbẹ́, ó lè ṣẹ̀jẹ̀.

Èkejì, ẹni tó ń lo hóró kò dáwọ́ iṣu àti ẹ̀wà dúró. Orí oúnjẹ ló ń gbé oògùn lé, lójoojúmọ́, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Yóò da èyí tó pọ̀ jù nù. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, tàbí bí oògùn mìíràn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ńṣe ni pòtásíọ̀mù á máa gorí ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an wà tí dókítà máa ń ní kí wọ́n dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ pàápàá kù. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára sì máa ń ba kíndìnrín jẹ́ láìpariwo.

Oògùn wo ló ń ti ilẹ̀kùn yìí? Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì yín, kí ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ díẹ̀. Ẹ má wo orí orúkọ, ìrù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Lisinopril. Enalapril. Ramipril. Ẹ rí i pé "pril" ni ìrù gbogbo wọn. Ẹ tún wo ìwọ̀nyí: losartan, valsartan, telmisartan. "Sartan" ni ìrù tiwọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó dára ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n wọ́n ń dá pòtásíọ̀mù dúró sínú ara. Méjì mìíràn wà tí kò ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, ẹ sáà mọ orúkọ wọn: spironolactone àti amiloride. Oògùn ìtọ̀ ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí pòtásíọ̀mù bá ìtọ̀ lọ. Nígbà mìíràn a máa ń pò amiloride àti hydrochlorothiazide pọ̀ sínú hóró kan, nítorí náà ẹ ka gbogbo orúkọ tó wà lára páálí, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan.

Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac náà lè dá kún un, torí wọ́n ń ni kíndìnrín lára. Àgbo ńkọ́? Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò lè mọ ìwọ̀n pòtásíọ̀mù inú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ bá ń mu ún, ẹ má tijú. Iyọ̀ kan sì wà tí àwọn ọmọ wa máa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tí wọ́n á ní ó dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, torí sódíọ̀mù kò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Bí ẹ bá rí "potassium chloride", oògùn yìí kan náà lẹ fẹ́ máa bù sọ́bẹ̀ yẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Màmá. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru ni wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, wọ́n ń lo lisinopril, wọ́n wá gbé hóró pòtásíọ̀mù mẹ́ta lójúmọ́ lé e. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lo ti alẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ wọn obìnrin mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. K wọn jẹ́ 5.9. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn wọn ṣe ń lù, wọ́n ní kí wọ́n pa hóró náà tì, wọ́n sì dá wọn dúró níbẹ̀ kí wọ́n lè máa wò wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, K ti di 4.8. Àárẹ̀ tó ń ṣe wọ́n ńkọ́? Àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń fà á.

Ti àbúrò wọn yàtọ̀. Hydrochlorothiazide ni òun ń lò, pòtásíọ̀mù rẹ̀ ti dín, dókítà ló kọ hóró náà fún un. Oògùn kan náà ló tọ́ sí àbúrò, òun ló sì fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n.

Ibi tó ti ń rú ènìyàn lójú nìyí. Nígbà tí pòtásíọ̀mù bá dín, ó lè rẹ ènìyàn, ẹsẹ̀ lè máa fún pajápajá, ìgbẹ́ lè ṣòro, àyà lè máa lù kì-kì-kì. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, ó tún lè rẹ ènìyàn, ẹsẹ̀ lè wúwo, ara lè máa ta bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ọkàn lè máa lù ségesège. Nígbà mìíràn, ara kì í sọ ohunkóhun rárá. Àárẹ̀ yìí jọ àárẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó lè fi ara tàbí ojú mọ èyí tó ń ṣe òun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ.

Bí ẹ bá ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n ní kí ẹ padà wá kí àwọn tún ẹ̀jẹ̀ gbà, ẹ má bínú. Bí a bá di ọwọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ léraléra nígbà tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ náà bá bàjẹ́ nínú ìgò rẹ̀, K lè ga lórí ìwé nígbà tí kò ga nínú ara.

Bí dókítà bá ti wá kọ ọ́ fún yín, báyìí ni kí ẹ ṣe lò ó. Ẹ jẹun ná. Kí oúnjẹ ti wà nínú kí hóró tó wọlé. Ẹ jókòó dáadáa tàbí kí ẹ dúró. Ẹ gbé hóró náà mì pẹ̀lú omi tó kún ife kan. Ẹni tó ń mu omi inú ọ̀rá, kí ó mu tó ìdajì ọ̀rá náà ó kéré tán. Omi ẹ̀kún ẹnu kan kò tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má dùbúlẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé orí ibùsùn la ti ń rántí oògùn alẹ́, a ó fi itọ́ gbé e mì, a ó sì yí ojú sí ògiri. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oògùn yìí. Ẹ fi sí ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má rún un lẹ́nu, ẹ má mú un lẹ́nu bíi súìtì, ẹ má gún un, ẹ má dá a sí méjì. Wọ́n ṣe é kí ó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn fún wákàtí púpọ̀. Bí ẹ bá gún un, gbogbo rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí hóró bá ń ṣòro fún yín láti gbé mì, ẹ sọ fún dókítà. Olómi wà, èyí tí ń hó nínú omi náà wà. Ẹ jẹ́ kí ó hó tán kí ẹ tó mu ún. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ èèpo hóró nínú ìgbẹ́, ẹ má bẹ̀rù. Oògùn inú rẹ̀ ti yọ́, èèpo rẹ̀ lásán ni.

Bí ẹ bá gbàgbé lílò kan tí àkókò èkejì sì ti súnmọ́, ẹ fi èyí tí ẹ gbàgbé sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀ láti san gbèsè. Àwọn apòògùn mìíràn máa ń kọ 1 x 2 sára páálí. Kì í ṣe ìṣirò ilé-ìwé nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni hóró kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn bá rí wérewère, ẹ ní kí wọ́n kà á síta kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Owó yín lẹ san.

Ẹni tí dókítà fún kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí ohun tó kà níbí. Kí ó béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún ẹ̀jẹ̀ òun yẹ̀ wò, kí ó sì lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, bí èébì bá ní ẹ̀jẹ̀, bí inú bá ń run gidigidi, bí oúnjẹ bá ń dun ni láyà nígbà tí a bá ń gbé e mì, kí ó má lo òmíràn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ. Bí ọkàn bá ń lù ségesège, bí ẹsẹ̀ kò bá gbé ni mọ́, tàbí bí òòyì bá ń kọ́ ni bí ẹni fẹ́ dákú, kí ó má dúró di ọ̀la.

Abẹ́rẹ́ pòtásíọ̀mù wà pẹ̀lú. Inú ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń fi í fún ènìyàn, wọ́n á là á mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á jẹ́ kí ó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gún un wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láìlà á, ó lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ wá gún un fún yín nílé, ẹ lé e.

Ẹ gbé hóró náà sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó. Adùn wà lẹ́yìn òmíràn nínú wọn, ọmọdé á rò pé súìtì ni.

Màmá ti padà sí kíláàsì wa. Wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò sí ẹ̀yìn ìwé ìkọ̀wé wọn, wọ́n sì ń mú un lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Hóró pòtásíọ̀mù tó kù lọ́wọ́ wọn, wọ́n fẹ́ dá a padà fún àbúrò wọn kí owó má ṣòfò. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má ṣe é, torí wọ́n ti tú u kúrò nínú páálí rẹ̀ sínú ike àtijọ́ kan, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ mọ́. Apòògùn ilé ìwòsàn ni wọ́n kó o fún, ó sì bá wọn dà á nù.